Akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ní London: bí ẹ ó ṣe to ọjọ́ yín kí owó má baà máa jò

Bí ọdún ẹ̀kọ́ bá ti fẹ́ wọlé, ìbéèrè kan náà ni àwọn tó ń bọ̀ wá kàwé ní London máa ń bi wá: "Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe tí mo bá dé? Báwo ni owó ọwọ́ mi ṣe máa tó mi lò?" Owó ilé ìwé kọ́ ló ń tú àpò akẹ́kọ̀ọ́ níbí. Ẹ ti mọ iye ìyẹn kí ẹ tó wọ bàálù. Àwọn nǹkan pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ ojoojúmọ́ ló ń jẹ owó: ọkọ̀ tí ẹ wọ̀ láàárọ̀, oúnjẹ tí ẹ rà nítorí pé ẹ kò sè, iṣẹ́ tó gba àkókò ìwé lọ́wọ́ yín. Èyí tó tún burú jù ni kí èèyàn fi ohun ìkẹyìn ṣe ohun àkọ́kọ́. Torí náà, bí a ṣe tò ó yìí gan-an ni kí ẹ máa ṣe é.

## Ọ̀sẹ̀ kìíní: ẹ má fo ìkankan

1. Ẹ ṣí àkáǹtì yín lọ́dọ̀ UKVI (ẹ̀ka ìjọba tó ń fúnni ní fíísà) kí ẹ tó kúrò nílé. Káàdì BRP (káàdì ìgbélùú àtijọ́) ti kógbá wọlé láti ìparí ọdún 2024. eVisa ló kù, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló sì wà. Ẹ wo orúkọ, ọjọ́ ìbí, ọjọ́ tí fíísà máa parí àti iye wákàtí iṣẹ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀. Bí lẹ́tà kan bá yàtọ̀ sí ti pásípọ́ọ̀tù, ẹ tètè ní kí wọ́n tún un ṣe. Bí onílé tàbí agbanisíṣẹ́ bá béèrè ẹ̀rí, inú àkáǹtì yìí ni ẹ ti máa mú share code (kóòdù tó máa fi wo ẹ̀tọ́ yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì) fún un. 90 ọjọ́ ló ń lò. Fọ́tò eVisa tí ẹ fi fóònù yà kò tó.
2. Ẹ má jẹ́ kí síìmù Nàìjíríà yín kú. Orí nọ́ńbà yẹn ni báńkì ilé ń fi OTP ránṣẹ́ sí. Ẹ tan roaming rẹ̀ kí ẹ tó gbéra. Ti ibí, ẹ ra síìmù tí ẹ ó máa san owó rẹ̀ lóṣooṣù láìfọwọ́ síwèé. Àdéhùn ọdún méjì lórí fóònù tuntun lè dúró ná.
3. Ẹ forúkọ sílẹ̀ ní yunifásítì kí ẹ tó wáṣẹ́. Gbèdéke wà. Bó bá kọjá, dandan ni kí ilé ìwé sọ fún Home Office (ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ fíísà), fíísà sì lè ti ibẹ̀ bàjẹ́. Lọ́jọ́ kan náà, ẹ gba ìwé méjì lọ́wọ́ wọn: lẹ́tà fún báńkì, àti ẹ̀rí pé akẹ́kọ̀ọ́ alákòókò kíkún ni yín. Ìwé kejì yìí ló ń gbani lọ́wọ́ council tax, ìyẹn owó tí council (ìjọba àdúgbò) ń gbà lórí ilé.
4. Báńkì. Àwọn báńkì orí fóònù bíi Monzo àti Starling sábà máa ń yá ju àwọn tó ní ilé ńlá ládùúgbò. Bí orúkọ yín ṣe wà nínú pásípọ́ọ̀tù ni kí ẹ kọ ọ́, kí ẹ má gé e kúrú.
5. GP, ìyẹn dókítà àdúgbò. Ìgbà tí ara yá ni kí ẹ forúkọ sílẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni.
6. Nọ́ńbà National Insurance, èyí tí ìjọba fi ń dá òṣìṣẹ́ mọ̀ lórí ọ̀rọ̀ owó orí. Orí ìkànnì ìjọba ni ẹ ti ń béèrè fún un, kò sì gba kọ́bọ̀. Ẹni tó bá ní òun máa bá yín gbà á fún £50 ń fi yín jẹun ni. Bí share code bá wà lọ́wọ́, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí nọ́ńbà náà tó dé.

## Ilé: ibi tí jìbìtì pọ̀ sí jù

Fọ́tò tó ń dán, owó ilé tó rọjú, àti onílé tó ní òun ò sí nítòsí ṣùgbọ́n kí ẹ sanwó kí òun lè fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́: jìbìtì ni. Kò sí bó ṣe lè dùn létí tó, jìbìtì ni.

1. Ẹ má san nǹkan kan kí ẹni tí ẹ fọkàn tán tó fojú rí yàrá náà. Bí kò bá sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ gba họ́sítẹ́lì yunifásítì lọ́dún àkọ́kọ́. Ó dà bíi pé ó wọ́n, ṣùgbọ́n iná, omi, ìgbóná àti íntánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń wà nínú owó rẹ̀. Ẹ ro ìwọ̀nyẹn mọ́ owó yàrá ìta kí ẹ tó ní èyí wọ́n ju ìyẹn lọ.
2. Owó tí wọ́n fi ń di yàrá mú kò gbọ́dọ̀ ju owó ilé ọ̀sẹ̀ kan lọ. Dìpósíìtì kò gbọ́dọ̀ ju ti ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Òfin Tenant Fees Act ti ọdún 2019 ló sọ bẹ́ẹ̀. Òfin kan náà kò gbà kí ajẹ́ńtì gba owó "fọ́ọ̀mù" tàbí "àyẹ̀wò" lọ́wọ́ yín.
3. Láàárín 30 ọjọ́, onílé gbọ́dọ̀ fi dìpósíìtì náà sọ́dọ̀ ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yìí: Deposit Protection Service, MyDeposits tàbí Tenancy Deposit Scheme. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀.
4. Lọ́jọ́ tí ẹ bá kó wọlé, ẹ ya fídíò ògiri, mátírẹ́sì, fèrèsé àti nọ́ńbà tó wà lórí mítà, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí onílé lórí ímeèlì lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìyẹn ló máa gbèjà yín lọ́jọ́ tí ẹ bá ń kó jáde.
5. Ẹ béèrè pé: "Ṣé mo lè fi àdírẹ́sì yìí sílẹ̀ ní báńkì àti lọ́dọ̀ GP?" Bó bá ní rárá, ẹ wá ibòmíràn. Ó ṣeé ṣe kó má lẹ́tọ̀ọ́ láti fi yàrá náà háyà rárá.

Ọ̀pọ̀ yín ló máa bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n kan tí ẹ jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Kò burú. Ṣùgbọ́n òfin ìdáàbòbò dìpósíìtì kì í sábà kan ẹni tó bá gba yàrá nínú ilé tí onílé fúnra rẹ̀ ń gbé. Nítorí náà, ẹ kọ iye owó, ọjọ́ sísan àti iye ọ̀sẹ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ fi sọ tẹ́lẹ̀ kí ẹ tó kó jáde sílẹ̀, ì báà jẹ́ lórí WhatsApp. Èèyàn lè kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n, kó sì tún kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní ti council tax: bí gbogbo ará ilé bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ alákòókò kíkún, ẹ ò ní san án, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí ránṣẹ́ sí council, nítorí wọn kò ní mọ̀ fúnra wọn. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá wà níbẹ̀ tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́, owó á wọlé, wọ́n á sì yọ ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò. Ẹ fẹnu kò lórí ẹni tó máa san án kí ìwé owó tó dé.

## Ọkọ̀: bí ẹ ṣe ń wọ̀ ọ́ ṣe pàtàkì ju ibi tí ẹ ń lọ

Bọ́ọ̀sì kì í gba owó lọ́wọ́. Káàdì báńkì, fóònù tàbí Oyster (káàdì ọkọ̀ London) ni ẹ ó fi kan ẹ̀rọ aláwọ̀ ìyeyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tí ẹ bá ń wọlé. £1.75 ni wọ́n gbé owó rẹ̀ sí ní oṣù Kẹta 2023. Ẹ wo ìkànnì TfL (àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ London) bóyá wọ́n ti sún un. Láàárín wákàtí kan sí ìgbà tí ẹ kọ́kọ́ fi kàn án, gbogbo bọ́ọ̀sì mìíràn tí ẹ bá wọ̀ di ọ̀fẹ́, bí káàdì bá ti jẹ́ ìkan náà. Ẹni tó bá yára lè lọ ra ata, kó sì padà sílé lórí owó kan. Ní ibùdókọ̀, ẹ nawọ́ sí awakọ̀, kó má baà fi yín sílẹ̀ lọ. Bí ẹ bá fẹ́ sọ̀, ẹ tẹ bọ́tìnnì pupa, kò sí "ó wà o!" níbí.

Ọkọ̀ ojú irin yàtọ̀. Ẹ fi káàdì kàn án nígbà tí ẹ ń wọlé, kí ẹ tún fi kàn án nígbà tí ẹ ń jáde, kódà bí ẹnu ọ̀nà bá ṣí sílẹ̀ gbayawu. Bí ẹ bá gbàgbé ìjáde, owó tó ga jù ni wọ́n máa yọ. Bí ẹ kò bá fi kàn án rárá tí wọ́n sì mú yín, ìtanràn £100 ni, £50 bí ẹ bá san án láàárín 21 ọjọ́.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù: káàdì báńkì láàárọ̀, fóònù lálẹ́. Orí àkáǹtì kan náà ni owó ti ń jáde, ṣùgbọ́n lójú ẹ̀rọ, èèyàn méjì ni yín. Bí ẹ bá fi fóònù wọlé tí ẹ fi káàdì jáde, ẹ ti san owó tó ga jù lẹ́ẹ̀mejì. Bákan náà, òpin tí wọ́n fi sí owó ọkọ̀ ojúmọ́ kan, tí wọn kì í yọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò ní ṣiṣẹ́ fún yín, torí ẹ pín ìrìn yín sí méjì. Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ dì í mú.

Ẹ̀dínwó méjì tí wọ́n máa ń dà pọ̀:

- *18+ Student Oyster* ń yọ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lórí Travelcard (páàsì ọkọ̀ tí à ń san owó rẹ̀ ṣáájú) ọlọ́sẹ̀ kan, olóṣù kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, àti lórí páàsì bọ́ọ̀sì. Kò kan owó tí ẹ ń san lẹ́yọ lẹ́yọ. Ẹni tó ń lọ kíláàsì lẹ́ẹ̀mejì péré lọ́sẹ̀ lè má jèrè kankan níbẹ̀.
- *16-25 Railcard*, £35 lọ́dún. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ tàn yín: akẹ́kọ̀ọ́ alákòókò kíkún tó ti lé ní 25 náà lè gbà á. Lẹ́yìn tí ẹ bá rà á, ẹ mú un lọ bá òṣìṣẹ́ ní ibùdókọ̀ Tube (ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀), kó so ó mọ́ Oyster yín. Láti ọjọ́ náà, ìdá kan nínú mẹ́ta ń kúrò lára owó ọkọ̀ ojú irin ní àkókò tí èrò kò pọ̀. Àkókò èrò ni agogo 6:30 sí 9:30 àárọ̀ àti 4 sí 7 ìrọ̀lẹ́, Monday sí Friday. Ọ̀pọ̀ ló máa ń ra Railcard tí wọn kò ní so ó mọ́ Oyster, tí wọ́n á wá máa sọ pé kò ṣiṣẹ́.

Bí àkókò bá wà, bọ́ọ̀sì ni kí ẹ fi ṣe ìpìlẹ̀. Bọ́ọ̀sì 12, fún àpẹẹrẹ, ń gba Peckham kọjá Camberwell àti Westminster dé Oxford Circus lórí owó bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo. Ó ń pẹ́, ṣùgbọ́n ẹ lè kàwé nínú rẹ̀.

Ẹ má dúró sí etí títì pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Àwọn olè orí kẹ̀kẹ́ oníná máa ń já a gbà kí ẹ tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ wo máàpù, ẹ fẹ̀yìn ti ògiri. Ẹ tẹ \*#06# nísinsìnyí, kí ẹ kọ nọ́ńbà IMEI tó bá jáde síbòmíràn.

## Kíláàsì

Èyí kò gùn. Ẹ pe olùkọ́ ní orúkọ tó fi parí ímeèlì rẹ̀. Bó bá kọ orúkọ rẹ̀ àkọ́kọ́ nìkan, òun náà ni kí ẹ pè é. Ẹnu á wúwo, pàápàá bó bá jẹ́ ẹgbẹ́ ìyá yín, ṣùgbọ́n wọn kì í kà á sí àfojúdi. Máàkì 62 kì í ṣe ìtìjú: ní Masters, ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, 50 ni àṣeyege, 60 ni Merit, 70 ni Distinction, 80 sì ṣọ̀wọ́n. Wíwá sí kíláàsì ń wọ àkọsílẹ̀, torí fíísà yín so mọ́ ọn. Bí àìsàn tàbí ọ̀fọ̀ bá ṣẹlẹ̀, ẹ béèrè fún ìyọ̀ǹda kí ọjọ́ ìfiṣẹ́sílẹ̀ tó kọjá, pẹ̀lú ẹ̀rí. Ẹ̀bẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ náà kì í sábà jẹ́. Bí gbèdéke bá sì jẹ́ agogo 12 ọ̀sán, alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni tiyín.

Bí ariwo bá pọ̀ nílé, káàdì òǹkàwé British Library ní St Pancras kò gba owó.

## Iṣẹ́: ogún wákàtí lọ́sẹ̀ kì í ṣe "ìpíndọ́gba"

Ibí ni fíísà ti ń bàjẹ́ jù. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba dìgírì lè ṣiṣẹ́ 20 wákàtí lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé ìwé bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kà á:

1. Ọ̀sẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Monday, ó parí ní Sunday. Bí iṣẹ́ alẹ́ Sunday bá ré kọjá agogo 12 òru, wákàtí tó kù di ti ọ̀sẹ̀ tuntun.
2. Gbogbo iṣẹ́ ni wọ́n ń rò pọ̀: 12 ní ilé ìtọ́jú arúgbó àti 10 ní ilé ìtajà ti di 22, ẹ ti rú òfin.
3. Kò sí pé ẹ ṣe 25 lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ wá ṣe 15 lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ láti fi dí i.
4. Iṣẹ́ tí wọn kò sanwó fún náà lè wà nínú ìṣirò. Wákàtí kan tí ọ̀gá ní kí ẹ "ṣáà bá òun dúró", wákàtí ni.

Ọ̀fìn tó ń gbé ọlọ́gbọ́n mì ni ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn tó ń ṣe dìgírì àkọ́kọ́ ní ìsinmi nígbà yẹn, wọ́n lè ṣiṣẹ́ ojúmọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ Masters tó ń kọ dissertation láti oṣù Kẹfà sí Kẹsàn-án kò sí nínú ìsinmi; ìwé ló ṣì ń kà, 20 wákàtí náà ló sì dúró sí. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ gbọ́ lórí èyí. Ẹ gba ọjọ́ ìsinmi yín lákọsílẹ̀ lọ́wọ́ yunifásítì.

Fíísà yìí kò fàyè gba òwò ara ẹni. Dídi irun fún oníbàárà nínú yàrá, ṣíṣe small chops fún òde, títa gèlè àti aṣọ òkè lórí Instagram, òwò ni gbogbo wọn. Gbígbé oúnjẹ kiri fún àwọn áàpù náà wà níbẹ̀, torí wọn kì í gba yín síṣẹ́, ẹ̀yin ni ọ̀gá ara yín lójú òfin. Kí ẹ wá yá àkáǹtì ẹlòmíràn lò tún di ẹ̀ṣẹ̀ méjì.

Owó: láti oṣù Kẹrin 2026, owó tó kéré jù fún ẹni ọdún 21 sókè ni £12.71 fún wákàtí kan. Ogún wákàtí jẹ́ £254.20 lọ́sẹ̀. Kò lè san owó ilé ìwé. Oúnjẹ, ọkọ̀ àti díẹ̀ nínú owó ilé ni ẹ lè fojú sí lára rẹ̀. Owó orí kì í bẹ̀rẹ̀ títí owó ọdún yín yóò fi ju £12,570 lọ. Bí wọ́n bá yọ owó gọbọi nínú owó oṣù àkọ́kọ́, ó lè jẹ́ pé ẹ kò kọ starter checklist (fọ́ọ̀mù owó orí fún òṣìṣẹ́ tuntun) tí wọ́n fún yín. Ẹ bá agbanisíṣẹ́ tún un ṣe. Owó tó bá lé á padà.

Nípa iṣẹ́ òru: ẹ má fi í sí alẹ́ tó ṣáájú kíláàsì. Oorun kíláàsì ló wọ́n jù nínú gbogbo ohun tí ẹ sanwó fún.

## Ibi ìdáná

Ọjà wa pọ̀: Rye Lane ní Peckham, Ridley Road ní Dalston, East Street ní Walworth, ọjà Deptford. Ibẹ̀ ni ata rodo, ọ̀gẹ̀dẹ̀, èlùbọ́, gaàrí àti ẹja gbígbẹ wà. Ẹ ra ìrẹsì, ẹyin, adìyẹ àti àlùbọ́sà ní Aldi tàbí Lidl, kí ẹ fi ọjà wa sílẹ̀ fún ohun tí kò sí níbẹ̀. Lálẹ́, ilé ìtajà máa ń lẹ bébà ìyeyè mọ́ ohun tí ọjọ́ rẹ̀ ti fẹ́ pé, owó rẹ̀ á sì já wálẹ̀. Ẹran tí ẹ bá rà bẹ́ẹ̀, inú fìrísà ni kó wọ̀ lálẹ́ náà.

Ẹ má kó pọ́nmọ́, kílíṣí, ṣàkì tàbí wàràǹkàṣì láti ilé. Ẹran àti wàrà láti Nàìjíríà kò gbọ́dọ̀ wọlé, wọ́n á gbà á ní pápákọ̀ òfuurufú. Ẹja ni wọ́n gbà, tí kò bá ju 20 kg lọ.

Ọbẹ̀ ata ọ̀sẹ̀ kan, láìjẹ́ kí alámù dún:

1. Ẹ lọ tàtàṣé mẹ́fà (bell pepper pupa dára tó), ata rodo mẹ́ta, àlùbọ́sà ńlá méjì àti tòmátì agolo 400 g méjì.
2. Ẹ gbé e kaná *láìsí epo*, kí ẹ ṣí ìdérí díẹ̀, fún 30 sí 40 ìṣẹ́jú, títí omi rẹ̀ fi gbẹ. Omi tó kù nínú ata tí ẹ dà sínú epo gbígbóná ló ń ta pàrà, tó sì ń rú èéfín.
3. Ìgbà yẹn ni kí ẹ da epo nǹkan bí 200 ml sí i, kí ẹ dín iná kù, kí ẹ máa rò ó fún 15 ìṣẹ́jú.
4. Kí fèrèsé wà ní ṣíṣí, kí fáànù tó ń fa èéfín máa ṣiṣẹ́, kí ilẹ̀kùn tó kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà ní títì. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ń lé gbogbo ilé jáde lóru sábà máa ń wà.
5. Bó bá tutù, ẹ pín in sínú ike mẹ́rin, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i lára, kó wọ fìrísà.

Ìrẹsì ní tirẹ̀ léwu ju bí a ti mọ̀ ọ́n lọ. Kí ẹ fi í sílẹ̀ nínú ìkòkò mọ́jú, kí ẹ tún gbé e kaná láàárọ̀, kò dára: kòkòrò inú rẹ̀ lè yè nínú iná, oró tó bá sì ti pọ sílẹ̀ lóru, gbígbóná kò ní pa á. Kó wọ fíríìjì láàárín wákàtí kan, kó tán láàárín 24 wákàtí, ẹ̀ẹ̀kan sì ni kí ẹ gbé e gbóná.

Bí ẹ kò bá rí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, spinach dídì ń ṣe iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ fún omi rẹ̀ dànù dáadáa. Ẹja gbígbẹ àti irú gbọ́dọ̀ wà nínú ike tó dé pinpin, bí ẹ bá fẹ́ kí àwọn tí ẹ jọ ń lo fíríìjì máa kí yín.

## Òtútù, òkùnkùn àti àìsàn

- Ní ọjọ́ Sunday tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá, aago ń padà sẹ́yìn ní wákàtí kan. Ní oṣù Kejìlá, oòrùn ti wọ̀ kí agogo 4 ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ẹ jáde ní ọ̀sán, kódà fún ogún ìṣẹ́jú.
- Vitamin D, 10 micrograms lójúmọ́. NHS (ilé iṣẹ́ ìlera ìjọba) gba gbogbo èèyàn nímọ̀ràn láti máa lò ó nígbà òtútù, wọ́n sì ní kí aláwọ̀ dúdú rò ó láti máa lò ó yípo ọdún.
- Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta lórí ara wọn sàn ju ẹyọ kan tó nípọn lọ. Kóòtù tó ń lé òjò ṣáájú, ẹwà tẹ̀ lé e.
- Bí ẹ bá ń sá aṣọ tútù sínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì, èébu dúdú á hù lára ògiri, onílé á sì fẹ́ yọ owó nínú dìpósíìtì. Ẹ ṣí fèrèsé díẹ̀.
- Àìsàn pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́: ẹ bá apòògùn. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ tí GP sì ti ti ilẹ̀kùn: 111. Ẹ̀mí ń bọ́: 999. £776 tí ẹ san lọ́dún kan lórí fíísà ti bo dókítà àti ilé ìwòsàn, àmọ́ kò bo eyín, bẹ́ẹ̀ ni oògùn tí GP bá kọ ní England ń gba £9.90 lórí ìkọ̀ọ̀kan. Bí owó tó ń wọlé fún yín bá kéré, ẹ kọ fọ́ọ̀mù HC1. Ó lè gbà yín lọ́wọ́ owó náà.

## Alẹ́ Sunday: àyẹ̀wò ìṣẹ́jú mẹ́wàá

- Wákàtí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀: ṣé gbogbo rẹ̀ pọ̀ kò ju 20 lọ?
- Ike ọbẹ̀ mélòó ló kù ní fìrísà?
- Iṣẹ́ ilé ìwé wo ni ọjọ́ rẹ̀ kò tó ọjọ́ mẹ́wàá mọ́?
- Ìtàn ìrìn orí áàpù TfL: ṣé wọ́n yọ owó tó ga jù níbì kan? Ẹ béèrè kí wọ́n dá a padà.
- Mítà tí à ń sanwó sí ṣáájú: ṣé owó tó wà lórí rẹ̀ máa kọjá òru Monday?

## Bí nǹkan bá dàrú

Bí ẹnì kan bá pè yín lórí fóònù pé Home Office ni òun, pé kí ẹ sanwó kíákíá kí wọ́n má baà lé yín kúrò nílùú, ẹ gé fóònù náà. Home Office kì í gba owó báyẹn.

Bí ẹ bá ti ṣiṣẹ́ ju wákàtí lọ, tí ẹ pàdánù kíláàsì, tí owó tán, tàbí tí onílé kọ̀ láti dá dìpósíìtì padà, ọ́fíìsì tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè nímọ̀ràn ní yunifásítì yín ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Ẹ kó lẹ́tà, ímeèlì àti àkọsílẹ̀ wákàtí yín dání. Lórí ọ̀rọ̀ fíísà, àfi ẹni tí òfin fún láyè ló lè gbani nímọ̀ràn ní ìlú Ọba, torí náà ẹ má gbé e lọ fún "ajẹ́ńtì" orí WhatsApp. Ẹ tètè lọ, kí ilé ìwé má baà ti kọ̀wé sí Home Office kí ẹ tó yọjú.